"Olúwa Á Pèsè," Ṣùgbọ́n Ọwọ́ Ta Ni Yóò Gbà Dé?

Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ ka gbólóhùn tí àwa akẹ́kọ̀ọ́ onígbàgbọ́ ń sọ jù lọ ní ilé-ẹ̀kọ́ yìí, mo lérò pé "Olúwa á pèsè" ni yóò gba ipò kìíní. A ń sọ ọ́ ní họ́sítẹ́ẹ̀lì, a ń sọ ọ́ lẹ́yìn ìpàdé àdúrà, a ń sọ ọ́ ní ṣọ́ọ̀bù ẹni tó ń ṣe fọ́tòkọ́pì nígbà tí owó bá kù díẹ̀ káàtó. Gbólóhùn náà kúrú. Olùwà wà níbẹ̀, atọ́ka ọjọ́ iwájú wà níbẹ̀, ọ̀rọ̀-ìṣe wà níbẹ̀. Àbọ̀ ni kò sí. Kò sọ ohun tí Olúwa yóò pèsè, kò sọ ẹni tí yóò pèsè rẹ̀ fún, kò sì sọ ọwọ́ tí yóò gbà dé. Mo ti ń rò ó pé bóyá ìdí nìyẹn tó fi rọrùn láti sọ.

Ẹ̀yin tí ẹ ti ṣe kọ́ọ̀sì tó dá lórí ìlò èdè yóò rántí J. L. Austin, amòye ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n tẹ ìwé rẹ̀, How to Do Things with Words, jáde ní 1962, ọdún méjì lẹ́yìn ikú rẹ̀. Ohun tó ń sọ kò le: ènìyàn kì í kàn fi ọ̀rọ̀ ròyìn ayé, ó ń fi ọ̀rọ̀ ṣe nǹkan. Bí àlùfáà bá ní òun so tọkọtaya pọ̀, wọ́n ti di tọkọtaya nìyẹn. Ẹ wá fi ojú yẹn wo "Olúwa á pèsè." Bí alágbe bá na ọwọ́ sí wa lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀, tí a kò ní owó kékeré lọ́wọ́, tàbí tí a ní in ṣùgbọ́n tí a kò fẹ́ yọ ọ́, kí ni à ń sọ? "Olúwa á pèsè." Ṣé ẹ ti rí alágbe tó dúró kó ṣe àmín sí i rí? Ó ti yí sí ọkọ̀ tó tẹ̀lé e. Ó mọ̀ pé "rárá" ni òun gbọ́. Ní ìrísí, àdúrà ni gbólóhùn yẹn. Ní ti iṣẹ́ tó ń ṣe, ìkọ̀ ni.

Mi ò bá a jà ní títì. Àwa Yorùbá kì í fẹ́ fi "rárá" gbá ènìyàn lójú, a máa ń fi nǹkan dì í kó má bàa dunni. Ẹni tí kò ní, tó sì fi orúkọ Ọlọ́run rọ ẹlòmíràn lọ́kàn, kò ṣẹ̀. Ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti ń bí mi nínú ni ibi tí ẹni tó ní in lọ́wọ́ ti ń sọ ọ́ fún ẹni tí kò ní, tí ẹni tó sọ ọ́ sì lọ sùn pẹ̀lú ọkàn tó balẹ̀ bí ẹni pé òun ti ṣe iṣẹ́ ìgbàgbọ́. Jákọ́bù ti rí irú wọn tipẹ́. Ní orí kejì ìwé rẹ̀, ó ṣàpèjúwe ẹni tó rí arákùnrin tàbí arábìnrin tí kò ní aṣọ, tí kò ní oúnjẹ ọjọ́ náà, tó wá kí i tayọ̀tayọ̀ pé kó máa lọ, kó yó, kí ara rẹ̀ móoru, tí kò sì fún un ní nǹkankan. Àpẹẹrẹ ìgbàgbọ́ tó ti kú ni Jákọ́bù fi ṣe.

Ní ọdún kejì mi, obìnrin kan wà nínú àwa mẹ́rin tí a jọ ń gbé yàrá tí owó ilé rẹ̀ kò tètè dé ní ọ̀sẹ̀ ìdánwò. Ó sọ fún ènìyàn mẹ́ta nínú ẹgbẹ́ tó ń lọ. Ẹni kìíní ní Olúwa á pèsè. Ẹnì kejì gbé ọwọ́ lé e ní èjìká, ó sì gbàdúrà fún un, àdúrà tó gùn tó sì múná. Ẹnì kẹta ní kó fi ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta náírà tó kù lọ́wọ́ rẹ̀ gbin irúgbìn lọ́jọ́ ìsinmi. Èmi ń jẹ ìyá olóúnjẹ ní gbèsè láti ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú, nítorí náà ẹnu mi kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. Ẹnì kẹrin yàrá wa, tí kì í sọ̀rọ̀ ìjọ fún ẹnikẹ́ni, fa àpò gàrí rẹ̀ jáde lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó bu ife kan sí ọ̀tún, ó bu ife kan sí òsì, títí gbogbo rẹ̀ fi pín sí méjì. Mo bi í bóyá kò rò ó pé tirẹ̀ náà yóò tán kí ọ̀sẹ̀ tó parí. Ó ní, "Yóò tán ná. Ṣé Ọlọ́run tó fún mi ní èyí ni kò ní mọ̀ pé ó ti tán?"

Ó tán lóòótọ́, ní Ọjọ́bọ̀. Mi ò ní ìtàn ìyanu láti sọ fún yín. Ìyá olóúnjẹ tó wà lẹ́yìn họ́sítẹ́ẹ̀lì tà fún àwọn méjèèjì láwìn títí owó fi wọlé lọ́jọ́ Ajé, kò sì dárúkọ Ọlọ́run lẹ́ẹ̀kan. Ohun tó ń bi wọ́n ni bóyá wọ́n máa jẹ pọ̀ǹmọ́ sí i.

Gbólóhùn obìnrin oní-gàrí yẹn ni mo kọ́ ẹ̀kọ́ ìgbẹ́kẹ̀lé lára rẹ̀ ju gbogbo ìwàásù tí mo ti gbọ́ lọ. Ẹ wo ẹni tó ń lo ìgbẹ́kẹ̀lé nínú rẹ̀. Ẹni tó ń fúnni ni. Ẹni tí ebi ń pa kò nílò kí ẹnikẹ́ni kọ́ ọ láti gbọ́kàn lé Ọlọ́run. Láti àárọ̀ ló ti ń gbé e lé e, kò sí ibòmíràn tó máa gbé e sí. Ẹni tó ní àpò gàrí lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì ni ọkàn rẹ̀ lè wà lórí àpò. Òun ni ìgbẹ́kẹ̀lé máa ná ní nǹkan. Ṣùgbọ́n àwa ti yí i padà: a sọ ìgbẹ́kẹ̀lé di ohun tí olówó ń wàásù rẹ̀ fún tálákà.

Ẹ jẹ́ ká wo àdúrà tí gbogbo wa mọ̀ lórí láti ilé-ẹ̀kọ́ ọmọdé, èyí tí Jésù kọ́ àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ nínú Mátíù orí kẹfà. Ẹ wá arọ́pò-orúkọ ẹni kìíní ẹyọ níbẹ̀. Ẹ kò ní rí i. Kò sí "mi" kankan. Baba wa ni, ìdáríjì wa ni, ìdánwò wa ni, oúnjẹ wa náà ni. Ọ̀pọ̀ ni gbogbo wọn, bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n rí nínú èdè Gíríìkì tí a ti túmọ̀ rẹ̀. Ẹni mẹ́rin lè wà nínú yàrá kan, kí ẹnì kan ti yó, kó kúnlẹ̀ ní alẹ́, kó gba àdúrà yẹn. Oúnjẹ ẹni tó dùbúlẹ̀ sórí bẹ́ẹ̀dì kejì pẹ̀lú ebi wà nínú ohun tó ń tọrọ. Bí ìdáhùn àdúrà náà bá sì wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù rẹ̀ ńkọ́? Mi ò rí bó ṣe máa dìde kúrò lórí eékún kó tó ronú kan kọ́bọ́ọ̀dù.

Ọ̀rọ̀ tí wọ́n lò fún oúnjẹ yẹn tún wù mí, ẹ jọ̀ọ́ ẹ fara dà á, akẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ èdè ni mí. Ní Gíríìkì, epiousios ni. Ọ̀rọ̀ náà ṣọ̀wọ́n débi pé àwọn onímọ̀ ṣì ń jiyàn lórí ìtumọ̀ rẹ̀: ṣé oúnjẹ òní ni, ṣé ti ọ̀la tó ń bọ̀ ni, ṣé èyí tó tó láti gbé ẹ̀mí ró ni? Àwọn tó túmọ̀ Bíbélì sí Yorùbá, tí Àjàyí Crowther jẹ́ aṣáájú wọn, tí odindi rẹ̀ sì jáde ní 1884, lo "òòjọ́." Òòjọ́ kan náà ló wà nínú "iṣẹ́ òòjọ́," iṣẹ́ tí ènìyàn ń jí lọ ṣe lójoojúmọ́. Fún mi, oúnjẹ òòjọ́ kì í ṣe oúnjẹ ọdún, kì í sì í ṣe oúnjẹ àlejò. Oúnjẹ tó tó òní ni.

Ìtàn mánà nínú Ẹ́kísódù orí kẹrìndínlógún ló wà lẹ́yìn èrò yẹn. Òṣùwọ̀n kan fún orí kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó kó púpọ̀ kò ní àníkù, ẹni tó kó díẹ̀ kò ṣe aláìní. Àwọn tó fi í pamọ́ di ọjọ́ kejì bá ìdin nínú rẹ̀. (Kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi èyí bú ẹni tó ń dá àjọ o. Ọlọ́run kan náà ló ní kí wọ́n kó ìlọ́po méjì ní ọjọ́ kẹfà nítorí ọjọ́ ìsinmi, ìyẹn kò sì rà. Ìfowópamọ́ kì í ṣe àìgbàgbọ́.) Ohun tó yà mí lẹ́nu ni ibi tí Pọ́ọ̀lù ti tún lo ìtàn náà. Nínú Kọ́ríńtì Kejì orí kẹjọ, ó ń kó owó jọ fún àwọn onígbàgbọ́ tó ń jìyà ní Jerúsálẹ́mù, ó sì mú mánà wá ṣe ẹ̀rí. Ó ní òun kò fẹ́ kó rọ àwọn kan lọ́rùn kó sì ni àwọn mìíràn lára. Kí ọ̀pọ̀ ti ẹ̀yin dí àìní ti wọn, kí ọ̀pọ̀ ti wọn dí ti yín ní ọjọ́ mìíràn. Bí Pọ́ọ̀lù bá jẹ́ Yorùbá ni, yóò ti dá a lówe pé ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ akèrègbè.

Mo mọ̀ pé ẹnì kan ti ń mura láti bi mí pé irúgbìn ńkọ́. Ó dára. Pọ́ọ̀lù náà lo àfiwé afúnrúgbìn nínú ìwé kan náà, orí kẹsàn-án, mi ò lè sẹ́ ẹ. Ṣùgbọ́n ẹ ka ìkórè tó sọ níbẹ̀: àìní àwọn ènìyàn mímọ́ kún, ọpẹ́ sì pọ̀ sí Ọlọ́run. Kò mẹ́nu kan mọ́tò. Ìṣòro mi pẹ̀lú ọ̀nà tí a fi ń lo "gbin irúgbìn" nísinsìnyí wà nínú gírámà rẹ̀. "Fún" máa ń béèrè ẹni tó gba nǹkan: Adé fún Bọ́lá ní owó. Bọ́lá wà nínú gbólóhùn. "Gbìn" kò béèrè ènìyàn. Ilẹ̀ ló ń béèrè. Bí mo bá "gbin" ẹgbẹ̀rún kan sínú ayé rẹ, ìwọ ti di ilẹ̀ nìyẹn, ojú ìkórè ni mo fi ń wò ọ́. Ẹni tó ń ṣe bẹ́ẹ̀ ń dókòwò ni, okòwò kò sì burú, ṣùgbọ́n kí a má pè é ní oore.

Opó Sáréfátì ni wọ́n tún máa ń mú jáde láti gba ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta tó kù lọ́wọ́ tálákà. Ẹ jẹ́ ká ka ìtàn náà tán, ó wà nínú Ìwé Àwọn Ọba Kìíní, orí kẹtàdínlógún. Lóòótọ́, Èlíjà ní kó kọ́kọ́ dín àkàrà kékeré kan wá fún òun. Ṣùgbọ́n Èlíjà alára kò ní nǹkankan. Odò tó ń mu ti gbẹ, ẹyẹ ìwò ló ti ń gbé oúnjẹ fún un tẹ́lẹ̀. Aláìní méjì ló pàdé lẹ́nu ibodè. Ìyẹ̀fun náà kò sì kúrò nílé opó. Inú ìkòkò rẹ̀ ló wà, òun àti ilé rẹ̀ àti wòlíì sì jọ jẹ ẹ́ fún ọjọ́ púpọ̀. Ẹni tó bá fẹ́ fi ìtàn yìí gba ọrẹ lọ́wọ́ akẹ́kọ̀ọ́ tí kò tíì jẹun, kó wá jókòó sí yàrá akẹ́kọ̀ọ́ náà, kí wọ́n jọ jẹ èyí tó kù.

Ní ọjọ́ Àìkú tó tẹ̀lé ọ̀sẹ̀ ìdánwò tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan, ẹni tí a pín gàrí fún dìde ní yàrá, ó ní, "Ọlọ́run ló ṣe é." Ẹ mọ iṣẹ́ tí "ló" yẹn ń ṣe: ó gbé Ọlọ́run síwájú gbólóhùn, ó pe àkíyèsí sí i, kò sì ku àyè fún orúkọ mìíràn. Oní-gàrí wà níbẹ̀, ó ń pa irun. Ó ní "Àmín," ó sì ń bá irun rẹ̀ lọ. Inú rẹ̀ kò bàjẹ́ pé wọn kò dárúkọ òun. Mo wá fi èyí wé oore tí a ń rí lórí fóònù lóde òní, níbi tí wọ́n ti to àpò ìrẹsì, tí wọ́n to àwọn tó gbà á, tí wọ́n ní kí wọ́n rẹ́rìn-ín. Ojú ẹni tó gbà á hàn ketekete, ọjọ́ tí kò ní i níláárí sì ti di ti gbogbo ayé.

Ẹ ó ní àwọn ayédèrú ńkọ́, àwọn tó ń bẹ ènìyàn mẹ́wàá fún ẹgbẹ̀rún méjì kan náà kílẹ̀ tó ṣú? Wọ́n wà. Mo mọ̀ wọ́n, ẹ̀yin náà mọ̀ wọ́n. Ṣùgbọ́n ojú kì í ti irú wọn, òwò wọn ni ẹ̀bẹ̀. Ẹni tí ojú ń tì kì í bẹ tààrà. Ní ilé wa, ẹni tí ebi ń pa kì í sábà sọ pé ebi ń pa òun. Ó máa ń wá béèrè iyọ̀. Yóò kan ilẹ̀kùn ní agogo mẹ́sàn-án alẹ́, yóò ní ṣé ẹ lè ta òun ní iyọ̀ díẹ̀, kò sì sí ìkòkò kankan lórí iná rẹ̀. Àwa tí a ń kọ́ bí ọ̀rọ̀ ṣe ń sọ ohun tí kò sọ, ó yẹ kó tètè yé wa ju àwọn ẹ̀ka-ẹ̀kọ́ yòókù lọ.

Owó àjọní sì ní ewu tirẹ̀. Nínú orí kẹjọ yẹn kan náà, Pọ́ọ̀lù kò dá gbé owó Jerúsálẹ́mù. Ó rán Títù, ó sì fi àwọn arákùnrin mìíràn tí àwọn ìjọ gbẹ́kẹ̀ lé tẹ̀lé e, kí ẹnikẹ́ni má bàa rí ẹ̀sùn kà sí wọn lọ́rùn. George Müller, tó bẹ̀rẹ̀ ilé àwọn ọmọ òrukàn ní Bristol ní 1836, ni àwọn oníwàásù wa fẹ́ràn láti tọ́ka sí pé kì í sọ àìní rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni àyàfi Ọlọ́run. Òótọ́ ni. Ohun tí wọn kì í fi kún un ni pé ọkùnrin yẹn a máa tẹ ìròyìn owó jáde, kí ayé lè rí ohun tó wọlé àti ohun tí wọ́n ná an sí. Ìgbẹ́kẹ̀lé rẹ̀ kò dí i lọ́wọ́ ìṣirò.

Nítorí náà, ohun tí mo ń fẹ́ nìyí. Kí ẹ̀ka-ẹ̀kọ́ wa ní àpò kan fún oúnjẹ ọ̀sẹ̀ ìdánwò, àti fún títẹ̀ àti dídì iṣẹ́ àpilẹ̀kọ àwọn tó wà ní ọdún àṣekágbá. Láti ìgbà tí wọ́n ti yọ owó ìrànwọ́ epo ní oṣù Karùn-ún 2023, gbogbo wa la mọ ohun tí owó ọkọ̀ àti owó ìwé ti dà. Ètò owó ìyáwó akẹ́kọ̀ọ́ tí ìjọba bẹ̀rẹ̀ ní 2024 wà, ṣùgbọ́n gbèsè ni, wọn kì í sì í lọ yá ìjọba lówó nítorí gàrí. Àwa onígbàgbọ́ la kọ́kọ́ ń bá sọ̀rọ̀, nítorí àwa là ń sọ gbólóhùn yẹn jù, ṣùgbọ́n kí àpò náà má bi ẹnikẹ́ni pé ìjọ wo ló ń lọ tàbí pé ṣé ó ń kírun. Kí ènìyàn méjì jọ mú un. Kí wọ́n máa ka ìṣirò rẹ̀ sétí ìgbọ́ gbogbo ènìyàn ní ìparí sáà kọ̀ọ̀kan, iye tó wọlé àti iye tó jáde. Kí wọ́n má ka orúkọ ẹni tó gbà á. Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n wa tí ẹ ti jáde, tí ẹ máa ń béèrè ohun tí ẹ lè ṣe fún ẹ̀ka-ẹ̀kọ́ nígbà tí àsè ìparí ọdún bá ń bọ̀, owó abọ́ oúnjẹ kan níbi àsè yẹn yóò di iṣẹ́ àpilẹ̀kọ ẹnì kan.

Mo ti bá ẹni méjì sọ̀rọ̀ ní kíláàsì wa. Ọ̀kan ti ra ìwé ìṣirò. Ìkejì ṣì ń wá àkáǹtì tí báńkì kì í yọ owó nínú rẹ̀ lójoojúmọ́.